Rédíò Bàbá Àgbà Tí Bátìrì Rẹ̀ Kò Sí Lọ́jà Mọ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Fún Un Ní Iná Láì Jó Òwú Inú Rẹ̀

Asọ̀rọ̀mágbèsì la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó wà nínú fóònù yín. Èyí tí mò ń wí ni irú èyí tó wúwo bí àpótí, tí bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi bí ọmọrí ìgò, tó jẹ́ pé tí ẹ bá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, gíláàsì kéékèèké bí ìka ọwọ́ lẹ máa bá níbẹ̀. Ó wà nílé àwọn kan, nínú yàrá bàbá àgbà tàbí lókè àjà, tí eruku ti bò ó. Ẹ máa wá wáyà iná rẹ̀ títí, ẹ ò ní rí i, torí kò ní. Ihò tí wọ́n ń ki ẹnu bátìrì bọ̀ ló wà níbẹ̀, bátìrì ọ̀hún sì ti kúrò lọ́jà kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa.

Ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń ṣe tí wọ́n bá dé ibí yìí ló ń pa rédíò náà. Wọ́n á mú adápítọ̀ kan tó wà nílẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ ihò tó bá sún mọ́ wọn, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ ká wò ó ná." Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, òwú inú gíláàsì wọ̀nyẹn ti já, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ní dún, kò ní rùn, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Irú gíláàsì yìí, tí a ń pè ní tíúbù tàbí fáàfù, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti ṣíwọ́ tipẹ́. Èyí tó kù láyé náà là ń pín lò.

Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tán kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan.

Kí ló dé tí wọ́n ṣe rédíò tí kò gba iná ilé?

Torí pé iná ò sí ni. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí wa, àbí? Àmọ́ kì í ṣe àwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ní nǹkan bí 1935 tí ìjọba wọn dá àjọ tó ń gbé iná lọ sí ìgbèríko sílẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ ló ṣì ń tan àtùpà. Rédíò bátìrì ni wọ́n ń gbọ́. Lọ́dún 1935 kan náà ni wọ́n gbé redifúṣọ̀n wọ Èkó. Àpótí ti redifúṣọ̀n ò nílò bátìrì, torí wáyà ló ń gbé ohùn wá bá a láti ilé iṣẹ́. Ẹni tí wáyà ò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, rédíò bátìrì ni tirẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn wọn ni ti Northern Rhodesia, ìyẹn Zambia òde òní. Harry Franklin, ọ̀gá ẹ̀ka ìròyìn ìjọba níbẹ̀, ń wá rédíò tí apá mẹ̀kúnnù máa ká. Ilé iṣẹ́ Ever Ready nílùú Ọba ló gbà láti bá a ṣe é, ó sì jáde ní 1949. Àwo alumíníọ́ọ̀mù roboto ni ara rẹ̀, ìbú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 9. Ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi àwo yẹn ṣe tẹ́lẹ̀! Wọ́n kùn ún ní búlúù, orúkọ tó sì mọ́ ọn lára ni Saucepan Special. Pọ́n-ùn 5 ni rédíò náà, bátìrì rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 1 àti ṣílè 5, ó sì ń lò tó wákàtí 300. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ẹni tó ń gbọ́ rédíò fún wákàtí 3 lójúmọ́ máa ra bátìrì tuntun lẹ́yìn 100 ọjọ́, ìdá mẹ́rin owó rédíò ló sì máa san nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá rí i pé àtìgbà yẹn ni bátìrì ti jẹ́ ìnira.

Bátìrì méjì nínú rédíò kan

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó yé yín nìyí. Rédíò onítíúbù tó ń lo bátìrì máa ń gba iná méjì tí kò jọra rárá. Bátìrì A kéré ní fóltì, 1.4 tàbí 1.5 péré. Bátìrì B ga, ó lè jẹ́ 67.5 fóltì tàbí 90 fóltì.

Kí nìdí? Ẹ wo inú tíúbù bí ẹ ṣe ń wo àtùpà. Òwú tín-tín-tín kan wà láàárín rẹ̀. Iṣẹ́ bátìrì A ni kó mú òwú yẹn gbóná. Tí ó bá ti gbóná, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á máa fò jáde lára rẹ̀ bí èéfín ṣe ń jáde lára òwú àtùpà. Páànù kékeré kan yí òwú náà ká, bátìrì B ló sì ń fún páànù yẹn ní pọ́sítífù tó lágbára kó lè máa fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọ̀nyẹn mọ́ra. Asẹ́ wáyà kan wà láàárín àwọn méjèèjì. Ohùn tó ń bọ̀ láti éríà á máa mi fóltì orí asẹ́ yìí díẹ̀ díẹ̀, asẹ́ á sì máa ṣí ọ̀nà tàbí kó máa dí i fún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Fóltì kékeré ló ń darí ìṣàn ńlá. Bí ohùn ṣe ń ga sí i nìyẹn.

Nínú tíúbù rédíò tó ń gba iná ilé, nǹkan tó ń gbóná yàtọ̀ sí nǹkan tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń jáde. Nínú ti bátìrì, òwú kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, kó má baà jẹ bátìrì jù. Ó tín-ín-rín débi pé ẹ lè má rí i kó pọ́n tí ilẹ̀ ò bá ṣú. Nítorí èyí, ẹ ò gbọ́dọ̀ fún un ní iná tó ń lọ tó ń bọ̀ bíi ti NEPA. Ìgbọ̀nrìrì 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn máa wọ inú ohùn tààrà, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni "hùùùn" bí ọ̀wọ́ oyin. Iná tó dúró sójú kan ló ń fẹ́.

Ẹ mọ tíúbù yín

Àwọn tíúbù mẹ́rin kan wà tí wọ́n pọ̀ nínú rédíò bátìrì láti nǹkan bí 1940 wá: 1R5, 1T4, 1S5 àti 3S4. Tó bá jẹ́ rédíò ìlú Ọba, orúkọ tẹ́ ẹ máa rí lára wọn ni DK91, DF91, DAF91 àti DL92. Ọmọ ìyá ni wọ́n. 1R5 ló ń gba ìgbì láti éríà tó sì ń yí i padà, 1T4 ń gbé e ga, 1S5 ń yọ ohùn kúrò lára ìgbì, 3S4 sì ń ti ohùn yẹn jáde láti ẹnu sípíkà. Agbára 3S4 ò tó ìdajì watt kan, síbẹ̀ yàrá á gbọ́ ọ. Tí tiyín bá yàtọ̀ sí wọ̀nyí, ẹ má lo nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ yìí. Àwọn àgbà rédíò kan wà tí òwú wọn ń gba 2 fóltì, àwọn mìíràn sì to òwú tíúbù wọn tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, fóltì ti A á sì ga ju 1.4 lọ. Ẹ wo ìwé tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ tàbí kí ẹ wá àwòrán wáyà rẹ̀.

Òwú 1R5, 1T4 àti 1S5 ń jẹ 50 mílíáńpù níkọ̀ọ̀kan. 3S4 ń jẹ 100 tí wọ́n bá so ó fún 1.4 fóltì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 250 mílíáńpù. Ní ẹ̀gbẹ́ B, gbogbo rédíò kì í sábà ju 10 sí 15 mílíáńpù lọ. Mo máa fi 12 ṣírò.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ yọ tíúbù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi mítà wọn òwú rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ 1 àti ẹsẹ̀ 7. Ti 3S4 ní ẹsẹ̀ 5 láàárín, torí náà ẹ wọn 1 sí 5, kí ẹ tún wọn 5 sí 7. Tí mítà bá fi ohm díẹ̀ hàn, òwú wà. Tí kò bá fi nǹkan kan hàn, ó ti já. Mítà oní-nọ́ńbà ni kí ẹ lò o. Àwọn mítà alábẹ́rẹ́ àtijọ́ kan lè ti iná tó pọ̀ jù gba inú òwú kọjá níbi tí ẹ ti ń wọn ohm kékeré, kí àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ wá di ikú tíúbù.

Ọ̀nà tó rọrùn jù

Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ mọ̀ bóyá rédíò ṣì ń sọ̀rọ̀, ẹ má wulẹ̀ kọ́ nǹkan kan. Bátìrì 9 fóltì onígun mẹ́rin mẹ́wàá, tẹ́ ẹ bá so wọ́n tẹ̀lé ara wọn, 90 fóltì ni. Ẹnu wọn ń wọ ara wọn, ẹ ò tiẹ̀ nílò wáyà láàárín. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńlá kan, 1.5 fóltì, tó fún òwú. Kò ní hùn, kò sí iná NEPA nínú rẹ̀, ó sì lè sọ̀rọ̀ fún ọgbọ̀n wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá jẹ́ bátìrì alikaláìnì gidi. Lójú tèmi, ọ̀nà yìí ló yẹ kí gbogbo èèyàn fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ 90 fóltì yìí lè gbá yín dáadáa o, ẹ má fi ọwọ́ méjèèjì di ìpẹ̀kun rẹ̀ mú.

Owó bátìrì mẹ́wàá ni wàhálà ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kọ́ àpótí iná.

Àpótí iná fúnra rẹ̀

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo, mi ò ní tún un sọ: 230 fóltì máa ń pa èèyàn. Tí ẹ kò bá tíì ṣe iṣẹ́ iná ilé rí, ẹ pe ẹni tó kọ́ rédíónìkì kó dúró tì yín. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà níbi tí iná ti ń wọlé, gbogbo nǹkan sì gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí tó ṣeé dé pa.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí a ò lo ṣájà fóònù àti àwọn pátákó kékeré tó ń gbé fóltì ga, ṣebí wọ́n wọ́pọ̀? Wọ́n wọ́pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń tan wọ́n sì ń pa iná ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ariwo ìyẹn sì ń bọ́ sí orí ìgbì tí rédíò yìí ń gbọ́ gan-an. Ẹ ò ní gbọ́ ilé iṣẹ́ rédíò kankan, ṣájà nìkan lẹ máa máa gbọ́. Tiransifọ́mà irin ti àtijọ́ ló dára jù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti B. Tiransifọ́mà tó ń fúnni ní 90 fóltì ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ọgbọ́n kan wà. Ẹ mú tiransifọ́mà 12 fóltì kan, 500 mílíáńpù. Ẹ mú òmíràn tó jẹ́ 12-0-12, kí ẹ yí i sẹ́yìn: 12 fóltì tó jáde láti inú ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ so mọ́ ìpẹ̀kun méjèèjì 12-0-12 yìí, kí ẹ fi wáyà àárín sílẹ̀, kí ẹ sì wé e. Ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó gba 230 ló máa wá di ẹnu ọ̀nà àbájáde. 24 fóltì ló yẹ kó wọ ibẹ̀, 12 lẹ fún un, torí náà ìdajì 230 ló máa fún yín, ìyẹn 115. Tiransifọ́mà kékeré máa ń pàdánù díẹ̀, ẹ sọ pé 95 sí 100 ló kù.

Dáyóòdù 1N4007 mẹ́rin ló máa sọ ọ́ di iná ojú kan, kapásítọ̀ 47 µF sì máa gbé e dé téńté ìgbì náà, nǹkan bí 135 fóltì. Kí kapásítọ̀ yìí lè gba 250 fóltì o, ẹ má lo ti 160. Láti ibẹ̀, ẹ gba inú rẹsítọ̀ 1.2k, kapásítọ̀ 47 µF kejì, rẹsítọ̀ 1.5k, kapásítọ̀ kẹta. Níbi kapásítọ̀ kẹta yìí ni kí ẹ to dáyóòdù síńà 18 fóltì márùn-ún sí, 1N4746, tẹ̀lé ara wọn. 18 lọ́nà márùn-ún jẹ́ 90.

Ibo ni mo ti rí 1.2k àti 1.5k? Ẹ wò ó: 135 ló wà níhìn-ín, 90 la fẹ́ lọ́hùn-ún, 45 fóltì gbọ́dọ̀ kú sójú ọ̀nà. Rédíò ń jẹ 12 mílíáńpù, a fẹ́ kí síńà máa jẹ 5, àpapọ̀ 17. 45 pín sí 0.017 jẹ́ nǹkan bí 2,650 ohm. 1.2k àti 1.5k jẹ́ 2.7k. Tí wọ́n bá ń gba 17 mílíáńpù, ooru wọn ò tó watt kan, síbẹ̀ ẹ lo oní 2 watt. Tí ẹ bá sì yọ rédíò, síńà ló máa gbé gbogbo rẹ̀. Nítorí ìyẹn ni mo fi lo márùn-ún dípò méjì, kí ooru náà lè pín láàárín wọn. Fún rédíò 67.5 fóltì, síńà 18 mẹ́ta àti 13 kan jẹ́ 67, kí rẹsítọ̀ sì di 1.8k àti 2.2k.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí iná wa ṣe ń ṣe, ẹ máa rí àǹfààní síńà. Tí iná bá gòkè dé 250, wọ́n á gbé èyí tó lé jẹ, rédíò ò ní mọ̀. Tó bá wálẹ̀ sí 160, 94 fóltì ló máa kù lójú kapásítọ̀ àkọ́kọ́, síńà á dákẹ́, ohùn á rẹlẹ̀ díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ fi rẹsítọ̀ 100k kan dábùú kapásítọ̀ àkọ́kọ́ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fa iná tó kù nínú kapásítọ̀ gbẹ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì fi mítà wò ó kí ẹ tó fọwọ́ bọ inú rẹ̀.

Ó wá kan A, níbi tí ikú tíúbù wà. Tiransifọ́mà 6 fóltì, 1 áńpù, tó dá dúró fúnra rẹ̀, dáyóòdù mẹ́rin, kapásítọ̀ 4700 µF, fíúsì 500 mílíáńpù, lẹ́yìn náà LM317. LM317 yìí máa ń pa 1.25 fóltì mọ́ láàárín ẹsẹ̀ àbájáde rẹ̀ àti ẹsẹ̀ ìtúnṣe. Ẹ fi rẹsítọ̀ 120 ohm síbẹ̀, kí ẹ fi 15 ohm sí láti ẹsẹ̀ ìtúnṣe dé nẹ́gétífù. 1.25 fóltì ní ìlọ́po 1 àti 15 lórí 120, ó jẹ́ 1.41. Ó pé rẹ́gí.

Ọ̀pọ̀ àwòrán LM317 tí ẹ máa rí káàkiri ló ń lo rẹsítọ̀ tó ṣeé yí. Ẹ má dán an wò níhìn-ín! Tí inú rẹ̀ bá dọ̀tí, tó sì já fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, fóltì á fò dé 5 lójú ẹsẹ̀, òwú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á lọ. Rẹsítọ̀ tí kì í yí ni kí ẹ lò. Ẹ tún fi dáyóòdù oní 3 áńpù méjì, tẹ̀lé ara wọn, dábùú ẹnu ọ̀nà àbájáde, kí iná lè gba inú wọn láti pọ́sítífù sí nẹ́gétífù. Ní 1.4 fóltì, díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Tí fóltì bá fẹ́ fò, wọ́n á fà á mọ́lẹ̀, fíúsì á sì já dípò tíúbù. LM317 máa gbóná, nǹkan bí watt kan àtààbọ̀, torí náà ẹ dè é mọ́ páànù alumíníọ́ọ̀mù.

Nẹ́gétífù méjì tí ò gbọ́dọ̀ pàdé

Ibi tí ọ̀pọ̀ àpótí iná tí mo ti rí ti ń kùnà nìyí, àwọn tó dára náà sì wà nínú wọn. Ó máa ń wu èèyàn láti so nẹ́gétífù A àti ti B pọ̀, kí wáyà mẹ́ta péré jáde. Nínú ọ̀pọ̀ rédíò wọ̀nyí, asẹ́ 3S4 ń fẹ́ nǹkan bí 7 fóltì ní nẹ́gétífù kó tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọn ò fún un ní bátìrì kẹta. Rẹsítọ̀ kan ni wọ́n fi sáàárín nẹ́gétífù B àti páànù ìsàlẹ̀ rédíò. Tó bá jẹ́ 680 ohm, tí 10 mílíáńpù sì ń gba inú rẹ̀, 6.8 fóltì ti dé nìyẹn. Tí ẹ bá so nẹ́gétífù méjèèjì pọ̀ nínú àpótí yín, ẹ ti gba ẹ̀yìn rẹsítọ̀ yẹn kọjá. Fóltì asẹ́ á di òdo, 3S4 á máa jẹ iná ní ìjẹkújẹ, ohùn á há, tíúbù á sì tètè gbó. Wáyà mẹ́rin ni kó jáde. Ẹ jẹ́ kí rédíò fúnra rẹ̀ so ohun tó bá fẹ́ so.

Kí ó tó kan rédíò

Ẹ má tíì so rédíò mọ́ ọn. Ẹ so rẹsítọ̀ 5.6 ohm, 1 watt, mọ́ A. Yóò jẹ 250 mílíáńpù gẹ́gẹ́ bí tíúbù mẹ́rin. Ẹ so 8.2k, 2 watt, mọ́ B. Ẹ tan án fún wákàtí kan, kí ẹ máa wọn ọ́n. A gbọ́dọ̀ dúró sí bíi 1.4, B sí bíi 90. Ẹ pa á, ẹ tàn án, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Inú rédíò náà ńkọ́? Àwọn kapásítọ̀ olóyìnbó pépà tó wà níbẹ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n ń jò. Èyí tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò ni èyí tó so 1S5 mọ́ asẹ́ 3S4, torí tó bá ń jò, ó ń gbé pọ́sítífù lọ síbi tí nẹ́gétífù yẹ kó wà. Ẹ pààrọ̀ èyí tó tóbi tó wà lójú ọ̀nà B náà.

Ẹ kọ A àti B sára wáyà gàdàgbà, kí ẹnu wọn má lè wọ ihò ara wọn rárá. Ẹ má gbára lé àwọ̀ wáyà tó wà nínú rédíò, ẹnìkan ti lè yí i padà ní 1962. Ẹ so A nìkan, ẹ tàn án, kí ẹ wọn fóltì lẹ́sẹ̀ tíúbù gan-an. Tó bá jẹ́ 1.3 sí 1.4, ó dáa. Ẹ pa á. Ẹ wá so B, ṣùgbọ́n kí ẹ fi rẹsítọ̀ 10k sójú ọ̀nà pọ́sítífù rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ yìí. Tí fóltì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò bá ṣubú sún mọ́ òdo, nǹkan kan ti kanra nínú, ẹ lọ wá a. Tó bá dúró níbi tó ga díẹ̀, ẹ yọ 10k kúrò.

Tíúbù bátìrì kì í pẹ́ gbóná bíi ti iná ilé, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì ẹ ó gbọ́ "ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀" lẹ́nu sípíkà. Kò sí FM níbẹ̀ o, ẹ má wá a. Ẹ dúró di alẹ́, nígbà tí ìgbì àárín ń kọlu òfuurufú lókè tó sì ń padà sílẹ̀ níbi jíjìn, kí ẹ pa gbogbo ṣájà àti gílóòbù LED tó wà nítòsí, kí ẹ wá máa yí bọ́tìnnì náà díẹ̀ díẹ̀.